Ohun Tí Opó Kan Kọ Nípa Fíìmù Aláriwo

Ogún ọdún ni Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà ti ń ya tíkẹ́ẹ̀tì nílé sinimá. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé ọkọ rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, á ya á sí méjì, á dá ìdajì padà, á ní, "Ẹ máa gbádùn o." Kò sí fíìmù tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún rí, àfi èyí tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Òṣèré ńlá kan ni olú ẹ̀dá ìtàn fíìmù ọ̀hún. Àwòrán rẹ̀ ga tó ilé alájà kan níwájú ilé sinimá: ó fi ọwọ́ kan di ìbọn mú, ó fi èkejì gbá ọmọge kan mọ́ra. Wọ́n ní eré ìjà ni, wọ́n ní eré ìfẹ́ ni, wọ́n tún ní ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àǹtí dúró sẹ́yìn àga tó kẹ́yìn, ó wò ó tán. Òṣèré yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ń fa ikùn sínú bí ẹni tó fẹ́ gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Ọmọge tó ń lé kiri ò ju ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ. Ó yìnbọn pa èèyàn mẹ́rìnlá, irun orí rẹ̀ ò yẹ̀. Ó já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, ó tì í sódò láti orí afárá, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, ọ̀gá!" Ló bá yíjú sí ọmọge, ó ní ṣé á fẹ́ òun. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí ò bá wọn rẹ́rìn-ín; láti ọjọ́ kejì, ó kàn ń ya tíkẹ́ẹ̀tì ni, kò ní kí wọ́n máa gbádùn mọ́.

Àwọn òǹwòran fúnra wọn ò fẹnu kò. Ọmọbìnrin kan ń fò sókè bó ṣe ń jáde, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní, "Mo dúpẹ́ pé oorun gbé mi lọ." Tọkọtaya kan ń bá ara wọn fà á. Ìyàwó ní, "Ìfẹ́ wá lèyí?" Ọkọ ní, "Fíìmù ni, jẹ́ n sinmi."

Máníjà ilé sinimá, ọmọkùnrin kan tí Àǹtí fi ọdún mẹ́wàá jù, gbé àpótí kan sẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ó fi ìwé àti bírò tì í, pé kí èèyàn kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lọ́sàn-án, nígbà tí Máníjà bá ń jẹun, Àǹtí á kó ìwé náà wọ ọ́fíìsì rẹ̀, á máa kà á sókè. Èyí tó yin fíìmù, wọ́n á kàn án mọ́ pátákó níta.

"Èyí tó bá korò ńkọ́, ọ̀gá?"

"Agbọ̀n ìdọ̀tí ni tiẹ̀, Àǹtí."

Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣí ìwé kan tí lẹ́tà rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí wọ́n kọ rèé: "Awakọ̀ tí wọ́n tì sódò yẹn, ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Awakọ̀ lọkọ mi. Orí afárá ni ikú ti mú òun náà lọ. Ọmọ mi jókòó tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín torí pé gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a wí. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

Àǹtí rántí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tó fa ọmọ lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó bi í níbi tí omi wà lánàá ni, pé òun fẹ́ bọ́jú.

Máníjà na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó kà á. Ó rẹ́rìn-ín nímú. "Àwọn kan á máa gbé ọ̀fọ̀ wá sí sinimá." Ó fi ìwé náà nu epo ẹnu rẹ̀, ó rún un, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n.

Àǹtí wo ètè tó ń dán yẹn. Nígbà tí Máníjà jáde lọ dáhùn ìpè, ó tẹ̀ba síbi agbọ̀n, ó kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ó kan gbogbo rẹ̀ mọ́ pátákó, èyí tó dùn àti èyí tó korò, ó sì fi ti opó náà sáàárín tòun ti àbàwọ́n epo.

Kó tó dọ̀sán, ẹyẹ ti sọ fún ẹyẹ. Èrò bo pátákó.

"Ẹni tó kọ èyí kàn fẹ́ bayé jẹ́ ni."

"Ìwọ ni ò láàánú lójú!"

Àǹtí rí i tí Máníjà ń bọ̀, ó ti múra sílẹ̀ pé wọn á lé òun. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe ń fọwọ́ ra ọwọ́.

"Àǹtí! Ibo lẹ ń gbé ọgbọ́n yìí pamọ́ sí? Ẹ wo èrò! Gbogbo wọn ló fẹ́ lọ wo bó ṣe burú tó!"

Ó fa bírò pupa yọ, ó fi yí ìwé opó náà po, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: Ẹ WÁ WO AWAKỌ̀ YÌÍ FÚNRA YÍN.

Àǹtí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọ̀gá, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

"Kí n yọ ọ́ kẹ̀? Òun gan-an ló ń fà wọ́n."

"Ẹ̀yin náà lẹ fi nu ẹnu lánàá."

"Àná ti lọ, Àǹtí."

Àǹtí já ìwé náà wálẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó kì í sínú báàgì. Ó ní, "Tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù yìí, ọwọ́ mi ò ya á mọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ó lé mi, ẹ lé mi."

Máníjà wo ojú àwọn èrò tó ń wò ó, ó rọra rẹ́rìn-ín. Ó ní kó lọ máa ya tíkẹ́ẹ̀tì ní yàrá òkè, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wo tiwọn.

Nílé nírọ̀lẹ́, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin ní òun náà ti lọ wo fíìmù náà.

"Màámi, ó dùn kọjá sísọ!"

"Ibi tí wọ́n ti ti awakọ̀ ńkọ́?"

"Háà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú mi."

Àǹtí fún un níwèé náà. Ọmọ kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n fíìmù lásán ni, Màámi."

"Mo gbọ́," ni Àǹtí wí, ó sì ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni wọ́n fi ṣàfihàn fíìmù náà, ilé ń kún fọ́fọ́. Lójoojúmọ́, Àǹtí á dúró lórí àtẹ̀gùn, á máa wo ojú àwọn tó ń wọlé, bóyá á rí obìnrin ọ̀hún. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, òun lòun gbé ẹkún rẹ̀ kọ́ síta tí wọ́n fi ń pe èrò. Obìnrin náà ò padà wá.