Iyọ̀ Níbùdókọ̀ Woolwich Common

Ọdún kẹfà rèé tí Ẹwàọlá yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ní ibùdókọ̀ Woolwich Common ní London, nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Oyún oṣù márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dúrótìmí, ọkọ rẹ̀, fi iṣẹ́ takisí sílẹ̀, tó lọ gba iṣẹ́ àwọn tó ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má baà dì.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, tí gbogbo ayé ti rò pé òtútù ti lọ, rédíò ní yìnyín yóò bọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè fọ́jọ́ méjì, ìjì yóò sì tẹ̀ lé e. Dúrótìmí wà ní ìsinmi, síbẹ̀ ó gbé àpò iyọ̀ kan sẹ́yìn ọkọ̀.

"Rótìmí, ṣé ìwọ nìkan lò ń ṣọ́ London ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ibùdókọ̀ yẹn nìkan ni mo fẹ́ dé."

Ẹwàọlá wò ó títí. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ó mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀. "Jẹ́ ká jọ lọ."

Yìnyín ti ń bọ́ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Wọ́n jọ da iyọ̀ náà. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ dé, àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kankan ò yọ̀ ṣubú. Ìgbà náà ni Ẹwàọlá bú sẹ́kún, tí ọkọ rẹ̀ dì í mú.