Ìgbà Tí Mo Gbé Odò Ọya Wá sí Kábà

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé gbogbo ará Kábà kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa wo ẹnu mi lọ. Ètè òkè mi ti là láti inú ìyá mi wá. Wọ́n rán an nílé ìwòsàn kí n tó mọ ìrìn, ṣùgbọ́n ojú àpá kì í jọ ojú ara, ohùn mi sì ń gba imú jáde. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kan a máa sín mi jẹ, èmi náà bá pinnu pé mi ò ní sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mọ́. Bí tíṣà bá ti ní ká ka ìwé sókè, n ó ní inú ń run mí. Wákàtí kan náà ni inú yìí ń run mí lójoojúmọ́, mo sì rò pé tíṣà kò fura.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀wé, mi ò sì fẹ́ kó ṣòfò. Èmi a kọ ìdáhùn sí etí ìwé mi, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó a nawọ́, a dìde, a kà á. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà á pàtẹ́wọ́, n ó máa wo ara mi bí ọba tó rán ìránṣẹ́. Ìyá ìyá mi, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, gbọ́ nípa ìjọba mi, ó ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Mo fún un lésì nínú ọkàn mi, níbi tí mo ti ń fún gbogbo ayé lésì.

Nígbà tí àwa àti ilé ìwé kan láti Odò-Ẹrẹ̀ fẹ́ ṣe ìdíje, ọ̀rẹ́ mi ni tíṣà wa obìnrin dárúkọ. Ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kì í ṣe èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Òun ló ń kọ ọ́ fún mi."

Tíṣà ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Òun ni yóò lọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú bí mo ṣe máa ń dákẹ́ tó, ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé mò ń bínú.

Lọ́jọ́ ìdíje, ìbéèrè tó kọ́kọ́ kàn mí rọrùn: níbo ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé? Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo ní Lọ́kọ́ja. Bàbá tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kí mi bí àwa ará ibẹ̀ ṣe ń kíra, ó ní, "Okun o, ọmọ mi. Mi ò gbọ́ ẹ. Gbọ́wọ́ kúrò lẹ́nu." Mo rò pé mo ti ṣì í ni. Mo gbọ́wọ́ kúrò, mo lọgun pé, "Kábà!"

Bàbá ní, "Ìgbà wo lodò Ọya dé Kábà tí wọn ò sọ fún wa?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró, mò ń retí kí ẹnìkan dárúkọ ètè mi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Odò ni wọ́n ń rín, ẹ̀rín sì pa èmi náà. Mo dáhùn gbogbo ìbéèrè mi yòókù sókè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Odò-Ẹrẹ̀ fi jù wá lọ, kò sì sí ẹni tí kò mọ èyí tó jẹ́.

Àwọn tó ń sín mi jẹ kò tán. Wọ́n jẹ̀bi, mi ò ní bá wọn bò ó. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún tí mo fi pa ara mi lẹ́nu mọ́ dùn mí ju ẹ̀sín wọn lọ. Lónìí, ọkọ mi ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí etí òun sinmi díẹ̀. Tíṣà wa ti dolóògbé. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí; mo ń wá ọ̀rọ̀ tó dára tó, títí ó fi lọ.