Rachel àti Igi Etí Odò Wa

Ẹni tó bá pe Rachel ní olóríkunkun kò purọ́. Èmi tí oko èmi pẹ̀lú rẹ̀ pààlà lẹ́yìn àdúgbò Japara, n'Ìjẹ̀bú-Igbó, ni kí ẹ bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní oríkunkun rẹ̀ kò wúlò, kó kọ́kọ́ wá bu omi mu nínú odò wa kó tó lanu.

Opó ni. Kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi tọ́ Tamílọ́rẹ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí oògùn apakoríko dé, tí gbogbo wa ń fọ́n ọn bí ẹni ń wọ́n omi, Rachel ní àdá ni tòun. Ó ní Ọlọ́run ní ká ro ọgbà ká sì ṣọ́ ọ, kò ní ká fún un ní májèlé jẹ. A fi í ṣẹ̀sín títí.

Ọ̀rọ̀ wá di ìjà nígbà tí ìjọ Aládùúrà wa fẹ́ kan òrùlé tuntun. Wòlíì Gbénró, olórí ìjọ, ní òun máa ta àwọn igi arère àti afàrà etí odò fún oní-gẹdú. Ilẹ̀ ìjọ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ àwọn igi yẹn ni odò náà ti ń sun, omi rẹ̀ ni Rachel sì fi ń rin kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Odò tó wà lápá kejì ti gbẹ láti ìgbà tí wọ́n ti gé igi tiẹ̀. Ta ni kò rí i?

Rachel dìde nínú ìpàdé.

"Bàbá Wòlíì, ẹ fẹ́ kọ́lé fún Ọlọ́run, ẹ wá fẹ́ gé igi tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn?"

"Ìyá Tamílọ́rẹ, ẹ jókòó. Ilé Olúwa ò gbọdọ̀ jò."

"Odò Olúwa ńkọ́? Òun ló gbọdọ̀ gbẹ?"

Wọ́n ní ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ ló gbé e wọ̀. Ọ̀tẹ̀ kẹ̀! Inú bí mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gé àwọn igi náà, Samson oní-gẹdú, ọmọ ìjọ wa náà ni, gbé ẹ̀rọ ìgégi dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. Rachel ti débẹ̀ ṣáájú. Ó wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, ó fẹ̀yìn ti afàrà tó tóbi jù.

Wòlíì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ní ká gbàdúrà ná, kí igi má wó pa ẹnikẹ́ni. Bí a ti ń ṣe nìyẹn, a kì í dáwọ́ lé nǹkan láìgbàdúrà. Ó wọ́n omi ìyàsímímọ́ láti igi dé igi, ó wá kígbe bó ṣe máa ń kígbe lórí ilẹ̀ àánú, ibi tí ìjọ wa ti ń gbàdúrà:

"Ilẹ̀ mímọ́ nìyí! Ẹ bọ́ bàtà yín!"

Gbogbo wa bọ́ ọ, Samson náà bọ́ tiẹ̀. A ṣe àmín. Samson bá na ọwọ́ sí bàtà rẹ̀ padà.

"Èèwọ̀!" Rachel ló pariwo. "Samson, ṣé lórí ilẹ̀ tí Wòlíì ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sí mímọ́ lo ti fẹ́ wọ bàtà?"

Samson wo ẹ̀gún ilẹ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó wo Wòlíì.

"Bàbá, n ò lè fẹsẹ̀ lásán gégi o. Àfi kí ẹ sọ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe mímọ́ mọ́."

Wòlíì gbé igò omi ìyàsímímọ́ rẹ̀ há abíyá. Ta ló máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Ẹ̀rín pa mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sódò. Samson gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lérí, ó bá tiẹ̀ lọ.

Òrùlé wa ṣì ń jò títí dòní. Ibi tó ti ń jò jù ni Rachel máa ń jókòó sí. Bí òjò bá ń kán sí i lórí, tí Wòlíì ń wò ó láti orí pẹpẹ, kì í sún. Á ní, "Ẹ máa wàásù yín lọ, Bàbá. Omi ò pa mí rí."