Ẹsẹ̀ Tí Kì Í Tẹ Maṣíìnì

Ìṣẹ́jú-Kan ni àwọn oníbàárà ń pe aránṣọ yìí, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Bí o bá wá béèrè aṣọ tí o ti gbé fún un tipẹ́, "ìṣẹ́jú kan" ni yóò sọ, yóò sì fa àga fún ọ. Kí o yáa jókòó dáadáa o, torí o ò tíì lọ síbì kankan! Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáńtọ́. Ẹni tó bínú wọlé, ẹ̀rín ló máa ń bá jáde.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í fi falẹ̀. Lójoojúmọ́, bó bá ti fọ ẹnu tán, á ki ọwọ́ bọ inú agolo bọ́tìnì, á yọ oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí ẹyọ kan, á gbé e mì. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, mọ̀ sí i. Ìyá ọkọ tí wọ́n jọ ń gbé ni kò mọ̀. Màmá fẹ́ràn ìyàwó yìí dọ́ba, ṣùgbọ́n àdúrà ọmọ tuntun kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ìṣẹ́jú-Kan á ṣe àmín, ojú á sì máa tì í.

Nọ́ọ̀sì tó fún un ní oògùn náà kò fọ̀rọ̀ ṣeré. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún un, ó bi í bóyá ó ń mu sìgá, ó bi í bóyá orí máa ń fọ́ ọ débi tí ojú rẹ̀ á máa ṣe wìnnìwìnnì. Ó wá kìlọ̀ pé: "Kì í wọ́pọ̀ o, ṣùgbọ́n oògùn yìí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó ń dùn yín, tàbí tí àyà ń dùn yín tí ẹ ò lè mí dáadáa, ẹ sáré lọ sí ọsibítù. Kẹ́ ẹ sì sọ pé oògùn yìí lẹ̀ ń lò."

Nígbà tí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, nísàlẹ̀ orúnkún, bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé maṣíìnì ni. Ta ni kò mọ̀ pé aránṣọ kì í sinmi? Màmá náà gbà bẹ́ẹ̀.

"Na ẹsẹ̀ yẹn wá, jàre. O ti fẹ́ fi iṣẹ́ pa ara rẹ."

Wọ́n fi ìpara gbígbóná wọ́ ọ, wọ́n wọ́ ọ títí ó fi ké. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ náà ti wú, ó gbóná, bàtà ò gbà á mọ́. Ìṣẹ́jú-Kan ní òun á kọ́kọ́ parí aṣọ kan ná. Ó jókòó, ó tẹ maṣíìnì, maṣíìnì sáré. Ó wo ilẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ló wú, èyí tí kò bá a ṣe nǹkan kan látọjọ́ tó ti kọ́ṣẹ́!

Ó fi téèpù wọn ẹsẹ̀ méjèèjì wò. Wọn ò dọ́gba rárá. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì padà sí i létí.

"Màmá! Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù!"

"Ṣé kí n tún bá ọ wọ́ ọ díẹ̀ ná?"

"Rárá! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ẹnu ya Màmá, àmọ́ wọ́n bá a mú bàtà òsì náà dání. Nínú ọkọ̀, gbogbo èémí tó bá mí ló ń yẹ̀ wò. Ṣé kì í ṣe pé àyà ti ń dùn òun báyìí? Ẹ̀rù ń bà á gan-an, ẹ̀rù ikú nìkan sì kọ́. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé oògùn kankan wà tẹ́ ẹ̀ ń lò?" Dókítà ló bi í.

Màmá gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Oògùn kẹ̀? Èyí tí kì í fẹ́ lo oògùn ẹ̀fọ́rí! Iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un, dókítà."

Dókítà mi orí, ó mú bírò. Ètè Ìṣẹ́jú-Kan dà bí èyí tí wọ́n fi òwú rán pọ̀. Bírò kan ìwé.

"Dókítà, ìṣẹ́jú kan! Mò ń lo oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí. Ẹsẹ̀ yìí kọ́ ni mo fi ń tẹ maṣíìnì."

Kíá ni wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ti dì. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ní kó dá oògùn náà dúró, àwọn á jọ wá ọ̀nà ìfètò sọ́mọ bíbí mìíràn tí kò ní ṣe é ní jàǹbá.

"Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ́ ẹsẹ̀ yẹn," dókítà sọ. "Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ṣí kúrò níbẹ̀, ó lè lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa èèyàn."

Màmá wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Òórùn ìpara ṣì wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn…"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ọmọ?" Màmá kò gbé ojú kúrò lára ọwọ́ wọn. "Mò ń wọ́ ọ, ò ń wò mí. Ṣé ọwọ́ mi lo fẹ́ kí n fi pa ọ́ ni?"

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ti kẹ̀kẹ́ Ìṣẹ́jú-Kan lọ sí wọ́ọ̀dù, ó na ọwọ́ sẹ́yìn sí Màmá. Màmá kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbá bàtà òsì náà mọ́ àyà, wọ́n ń tẹ̀ lé e.