Oògùn Tí Mo Fi Ààwẹ̀ Fò

Ẹ má rò pé òpè ni mí o. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù, mo sì mọ ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí oògùn mi bí ẹni mọ Àdúrà Olúwa. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú títí dòní. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà, ọgbọ́n tèmi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Oṣù mẹ́jọ ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ wa kejì kú sí mi nínú. Ilé ọmọ mi ló ya níbi tí mo ti ń rọbí. Dókítà tó rán an dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ọkọ mi dúró lápá kejì, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún àwa méjèèjì pé bí mo bá lóyún kí ọdún méjì tó pé, ojú ibi tí òun rán lè tún ya, a sì lè má ráyè dé ọsibítù. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́rin kan ṣoṣo nílé. Mi ò fẹ́ kú kí n fi í sílẹ̀ nílùú onílùú.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ oògùn nìyẹn, èyí tí obìnrin ń lò lójoojúmọ́ kó má baà lóyún. Kí Sístà tó fún mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì ní Johannesburg, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ó bi mí bóyá mò ń mu sìgá, bóyá orí máa ń fọ́ mi débi tí ojú mi á máa rí mànàmáná, bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì sí mi lẹ́sẹ̀ rí. Ó ní ẹyọ kan lójúmọ́, lákòókò kan náà. Àárọ̀ ni tèmi, tí mo bá ti fọ ẹnu tán.

Nígbà tó yá, ọkọ mi kéde ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ó ní torí ìwé ìgbélùú wa ni. A ò ní jẹun títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a ò sì ní súnmọ́ra títí a ó fi parí. Ọkọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó lórí ẹní. Ni èmi ọlọ́gbọ́n bá rò ó pé, bí ọkọ ò bá sí, kí ni mò ń lo oògùn fún? Mo gbé páálí náà pamọ́. Lọ́jọ́ kẹrin mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, mo ní ara tó ń gbààwẹ̀ ló ń fọ ara rẹ̀ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la ṣínu. Mo lo oògùn mi, ọkọ mi sì ká ẹní kúrò nílẹ̀. Ẹ mọ ìyókù.

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo ń fi oògùn tí mo fò yangàn fún ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù ní Hillbrow. Nọ́ọ̀sì ni n'Íbàdàn kó tó dara pọ̀ mọ́ àwa onídìrí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní oògùn yẹn kì í dúró de ọkọ, ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́ lára, ọkọ ì báà wà nílé, kó wà lójú òkun. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ méje tí mo fi í sílẹ̀, ẹyọ kan ò lè bò mí, ó yẹ ká ti lo kọ́ńdọ́ọ̀mù. Ó wá ní oògùn kan wà tí Sístà lè fún mi, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́ta.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn òṣìṣẹ́ dúró sílé láti fi ẹ̀hónú hàn sí ìjọba. Kò sí tákísì kankan. Mo fẹsẹ̀ rìn láti ilé wa ní Troyeville dé Hillbrow. Róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, ń tan pupa, ó ń tan àwọ̀ ewé, kò sí mọ́tò tó ń dá a lóhùn. Ilẹ̀kùn kílíníìkì wà ní títì. Mo gbá a títí ọwọ́ mi fi wú, títí ọlọ́dẹ fi jáde pé, eish, mama, kí n padà wá lọ́la. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo fọwọ́ tẹ ojú abẹ tó wà níkùn mi, mo sunkún bí ọmọdé.

Ní Túsìdé, èmi ni mo ṣíwájú ìlà. Sístà bá mi wí dáadáa, ó yẹ ìtọ̀ mi wò, ó fún mi ní oògùn méjì lójú ara rẹ̀, ó ní kí n lo méjì yòókù lẹ́yìn wákàtí méjìlá. Bí mo bá bì í kí wákàtí méjì tó pé, a ó tún un lò. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Mo fi ìborùn dí ẹnu, mò ń wo aago ara ògiri, mò ń bẹ ikùn ara mi. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kí n tó bì. Sístà ní ó ti wọlé, ṣùgbọ́n òun ò lè búra. Bí nǹkan oṣù mi bá dé, kí n bẹ̀rẹ̀ páálí tuntun. Títí dìgbà náà, kọ́ńdọ́ọ̀mù. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò dé, kí n padà wá.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Mò ń kọ́ ọmọ mi ní orúkọ ìyá mi àti orúkọ agbolé wa, kó lè mọ ibi tí wọ́n á mú un lọ bí mo bá kú. Èèbó ló fi ń dá mi lóhùn. Mo ní kó tún un sọ.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ni ẹ̀jẹ̀ dé, láàárọ̀. Mo sáré wọ yàrá, níbi tí ọkọ mi ti ń so okùn bàtà, mo ní kó bá mi dúpẹ́ pé mi ò lóyún. Ó fi okùn sílẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, mo rò pé ayọ̀ ni.

"Ọmọ ni mo fi ààwẹ̀ yẹn tọrọ," ó wí.

Mo bi í pé ṣé kò gbọ́ ohun tí dókítà sọ ni.

"Mo gbọ́. Mo rò pé Ọlọ́run ju dókítà lọ."

Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí, tí mò ń ṣe àmín.