Kábọ̀nù Tí Mo Pè Ní Onípẹtà

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún màámi n'Íbàdàn gan-an ni mọ́tò mi daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tá a ti ń retí ọjọ́ yẹn. Ẹni tí kò bá dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún ráyè fún un. Màámi ti wé gèlè, wọ́n ti jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Ìbàdí ń ro wọ́n, wọn ò lè gun ọ̀kadà.

Rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe l'Ẹ́rúnmu tú sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì. "Kábọ̀nù ẹ̀ ló jẹ tán, ẹ̀gbọ́n." Ó kó oríṣi méjì èédú kéékèèké tó ń gbé iná wọ sítátà sí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kan dúdú, ó ń dán. Ìkejì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí irin tí òjò ti pa.

"Má fi onípẹtà yẹn sínú mọ́tò mi o! Dúdú yìí ni kóo fi sí i."

"Ti jẹnẹrétọ̀ ni dúdú yẹn, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé kì í ṣe èédú kan náà ni? Àbí ìwọ lo kọ́ mi ní sáyẹ́ǹsì?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà ti sọ̀rọ̀." Ó fi fáìlì onírin rẹ́ dúdú náà títí ó fi wọ inú sítátà.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Hùùn… hùn… Èéfín yọ. Mo tún un yí, èéfín tún yọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, bátìrì kú fin-ín. Mo bú bátìrì, mo bú ẹni tó tà á fún mi. Rewáyà kò bá mi jà, ó kàn fi ọ̀bẹ họ onípẹtà mi. Abẹ́ rẹ̀ ń kọ yinrin bí ẹ̀gbà ọwọ́.

"Bàbà ni, ẹ̀gbọ́n. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún ara èédú. Wọ́n yọ́ bàbà, èédú mu ún bí búrẹ́dì ṣe ń mu tíì. Iná tí sítátà ń fà pọ̀. Tí ẹ bá ní kí èédú lásán dá a gbé, gbígbóná náà ló máa gbóná."

Ọdún wo ni mi ò kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pé bàbà ń gbé iná ju èédú lọ? Mo wá rí i lójúkojú, mo pè é ní ìpẹtà.

Ó fi bàbà sí i, ó yá bátìrì oníbàárà míì, mọ́tò sì jí lẹ́ẹ̀kan. Aago mẹ́wàá ti ń lọ lù. A ò tíì kọjá Adégbàyí lẹ́nu ọ̀nà Ìbàdàn tí nọ́ọ̀sì fi pè: wọ́n ti mú ẹlòmíràn wọlé.

Mo páàkì. "Ẹ má bínú sí mi, màámi."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí ẹ?" ni wọ́n dáhùn, wọ́n ń tú gèlè. "Ojú ẹ ọ̀hún, ṣé mo rí i ni?"