Bí Ilé Ìgbẹ̀bí Ìhunbọ Ṣe Kọjá Ààlà

Láàpútọ́ọ̀pù tí mo ń lò nígbà náà kì í pẹ́ gbóná. Bí mo bá gbé e lé itan, ooru rẹ̀ á gba inú aṣọ wọlé sí mi lára, fáànù inú rẹ̀ á sì máa han bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú. Èmi náà ò yàtọ̀ sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo ti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé Ìlaròó ti kéré jù fún mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ọ̀nà Èkó. Ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta páànù. Ọ̀gá mi jẹ́ àgbàlagbà ayàwòrán ilé tó ṣì ń fi pẹ́ńsù àti rúlà ṣiṣẹ́ lórí pátákó, èmi nìkan ni mò ń lo kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ó máa ń wò mí bí mo ṣe ń dìde, tí mò ń jókòó, tí mo tún ń dìde, á sì ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àbí èèrà wà lórí àga yẹn ni?"

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa nígbà náà ni ilé ìgbẹ̀bí tí àwọn ará Ìhunbọ fẹ́ kọ́. Ìyàwó ọmọ màmá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wọn ló kú sórí ọ̀kadà níbi tó ti ń rọbí, lójú ọ̀nà, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Màmá náà ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó dì í mú. Nígbà tí màmá yìí wá sí ọ́fíìsì wa, kò sunkún, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní, "Ẹ bá wa yára. Àwọn mìíràn ti lóyún." Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ṣé ti ilé náà ni àbí ti Èkó, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ́ iṣẹ́ níléèwé, ti olówó ńlá ni. Wọ́n kàn gbà wá láyè láti dán an wò fúngbà díẹ̀ ni. Kì í ṣe ètò tí a fi ń fa ilà lásán o, ilé gan-an lèèyàn ń kọ́ sínú rẹ̀. Ògiri inú rẹ̀ mọ̀ pé ògiri lòun, ó sì mọ bí òun ṣe nípọn tó. Ilẹ̀kùn mọ ògiri tí òun wà lára rẹ̀, bí o bá sún ògiri, ilẹ̀kùn á bá a lọ. Mo ti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí náà dé òrùlé nínú rẹ̀, àfi bí mo ṣe ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ó sọ fún mi pé àsìkò ìdánwò mi ti tán. Ó gbà kí n máa wo ilé mi, ṣùgbọ́n kò gbà kí n fọwọ́ kàn án, kò sì gbà kí n gbé e jáde. Mò ń rìn yí ọ́fíìsì ká bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ayétòrò ní òun ní ẹ̀dà ètò náà tí wọ́n jí, tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí n wá gbà á. Mo ti gbé báàgì mi kí ọ̀gá mi tó béèrè ibi tí mò ń lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó gbé pẹ́ńsù rẹ̀ sílẹ̀. "Ilé tí àwọn èèyàn á máa bímọ sí," ó ní, "ṣé ẹ̀yìnkùlé bí olè la fẹ́ gbà kọ́ ọ? Wá ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Ọ̀nà mìíràn tí mo rí ni ètò ọ̀fẹ́ kan tí àwọn èèyàn káàkiri ayé fọwọ́ ara wọn kọ, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìṣẹ̀ sófin. Mo kọ́kọ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Lójú mi nígbà náà, ohun tí wọn ò tà, yóò lábùkù. Bọ́tìnì rẹ̀ ò sí níbi tí mo mọ̀ wọ́n sí, èdè tó ń sọ sì yàtọ̀ sí èyí tí mo kọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè tì í mọ́ mi. Mo tún ilé náà kọ́ láti ìpìlẹ̀, mò ń bínú bí mo ṣe ń kọ́ ọ, nígbà tí mo sì fi dé òrùlé lẹ́ẹ̀kejì, mo ti mọ ilé náà ju bí mo ṣe mọ yàrá tí mò ń sùn sí lọ.

Ìṣòro tó kù ni ti ẹnjiníà. Ọmọ Ìhunbọ ni, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ló ń gbé, lápá ọ̀hún ààlà níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó ti gbà láti bá ìlú rẹ̀ ṣe ìṣirò òpó àti irin lọ́fẹ̀ẹ́, ètò tí òun sì ń lò kì í ṣe tèmi. Mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí i, gbogbo ilẹ̀kùn dàwátì. Mo fi òmíràn ránṣẹ́, ó pè mí.

"Àbúrò mi," ó ní, "ilé tó o fi ránṣẹ́ yìí tóbi ju Àjàṣẹ́ lọ."

Mìlímítà ni mo fi wọn ilé, mítà ni ètò tirẹ̀ kà á sí. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Àwọn tí kò gbédè ẹga ló ń ní ẹga ń pàtótó," ó ní. "Ẹ wá èdè kan tí ẹ̀yin méjèèjì á jọ gbọ́."

Èdè náà wà, a ò kàn tíì béèrè rẹ̀ ni. Oríṣi fáìlì kan ni tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí ifc, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan, gbogbo ètò ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á. Èmi àti ẹnjiníà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi sùúrù kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Mo kọ́ láti kọ́kọ́ fi yàrá kan ṣoṣo ránṣẹ́, kí a fi mọ̀ bóyá ó dé láìfarapa, kí n tó fi odindi ilé tẹ̀ lé e. Mo kọ́ láti kọ ìwọ̀n tí mo lò sínú ọ̀rọ̀ tí mo fi sin fáìlì, àti láti fi àwòrán lásán mọ́ ọn, kí ẹni tó gbà á lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Bí ohun kan bá sọnù, ẹnjiníà á fi Faransé ní, "Dakọ́ọ̀," pé kò burú, "tún un gbé wá," mi ò sì ní lè jẹun títí yóò fi pè padà pé ó ti dé.

Nígbà tó parí ìṣirò rẹ̀, ó fi òpó àti irin tirẹ̀ ránṣẹ́ nínú fáìlì kan náà, ó sì fi ìwọ̀n irin ránṣẹ́ sí bíríkìlà ní Ìhunbọ. Mo ṣí i, ó dára, ọkàn mi sì kúrò níbẹ̀, nítorí pé ọ̀sẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ kan ní Èkó pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré sínú òpó. Ọ̀gá mi súre fún mi, ó ní kí n máa lọ.

Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ Èkó ní gáréèjì, aṣọ mi ti di lílọ̀, sìtífíkéètì mi wà nínú báàgì. Ọkọ̀ ò tíì kún. Mo wo ìta, mo wo fóònù, mo tún wo ìta. Nígbà tí ọwọ́ mi ò gbé jẹ́ẹ́, mo ṣí ètò ọ̀fẹ́ kékeré kan tí mo fi ń wo ilé lórí fóònù, mo kó fáìlì tèmi àti ti ẹnjiníà sínú rẹ̀ pọ̀, ohun tí a ò tíì ṣe rí. Mo fi ìka rìn gba ọ̀ọ̀dẹ̀ dé yàrá ìbímọ. Ìtì kọnkéré tó yẹ kó wà lókè ilẹ̀kùn dábùú ẹnu ọ̀nà náà níwọ̀n àyà mi.

Mo pa á, mo tún un ṣí. Bákan náà ni. Mo pe ẹnjiníà, kò wọlé. Mo pe bíríkìlà, kò wọlé. Àwọn àgbà ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, mo sì rí i kedere nínú ọkọ̀ náà pé fáìlì méjì tí kò rìn pọ̀ ló fẹ́ jẹ gbogbo ìlú kan níyà. Tàbí kẹ̀, ó lè jẹ́ pé fóònù mi ló ń parọ́. Kò sẹ́ni tí mo lè bi.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀," mo sọ fún dẹ́rẹ́bà.

"Àǹtí, ẹnì kan ló kù ká gbéra."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ má bínú."

Mo gun ọ̀kadà gba Òkè-Ọ̀dàn. Ọ̀nà wa yìí, àwọn tó ń ṣọ́ ààlà pọ̀ lórí rẹ̀, gbogbo ibi tí wọ́n sì wà ni wọ́n ti ní kí n ṣí báàgì. Ọ̀kan nínú wọn yí láàpútọ́ọ̀pù mi síwá sẹ́yìn, ó bi mí pé kí ni mo gbé lọ sí Ìhunbọ. Mo ní ilé ni. Ó wò mí títí, ó ní kí n máa lọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ń po kọnkéré. Irin òpó dúró lórí ìpìlẹ̀, pákó ti yí wọn ká, àwọn ọkùnrin ìlú ti tò láti máa gbé agbada kọnkéré fúnra wọn. Mo ní kí wọ́n dúró. Bíríkìlà ní ìwọ̀n tí ẹnjiníà fún òun lòun tẹ̀ lé, òótọ́ ló sì sọ. Màmá Alága jáde láàárín àwọn obìnrin, ó wo aṣọ Èkó tó wà lára mi tí eruku ti bò.

"Ọmọ mi, àwọn èèyàn yìí fi oko sílẹ̀ lónìí," ó ní. "Kí lo rí?"

Mo fi fóònù hàn án. Mo fi ìka mú un wọ ẹnu ọ̀nà, gba ọ̀ọ̀dẹ̀, dé yàrá ìbímọ.

"Ibí yìí ni wọ́n á gbé aboyún gbà?"

"Ibẹ̀ ni, Màmá."

Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó sì na ọwọ́ sí àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n sọ ṣọ́bìrì kalẹ̀.

Ní Ìhunbọ, fóònù a máa já lójú òpó ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà, a sì máa bọ́ sórí ti ọ̀hún ààlà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ipè mi wọlé sí ẹnjiníà lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kó ṣí fáìlì méjèèjì pọ̀. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀ òdo rẹ, ibi tó o ti ń ka gíga ilé?" ó bi mí.

"Láti orí ilẹ̀ inú ilé, Ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi erùpẹ̀ kún un."

"Èmi bẹ̀rẹ̀ tèmi láti orí ìpìlẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Erùpẹ̀ yẹn ti jẹ gíga òpó. Ẹ má dà á. Bí irin náà ṣe kúrú la máa fi òmíràn kún un, mò ń bọ̀ níbẹ̀ fúnra mi."

Wọ́n da kọnkéré tí wọ́n ti pò yí ẹnu kànga ká kó má bàa ṣòfò. Ẹnjiníà dé nírọ̀lẹ́, èmi àti òun jókòó sórí pákó, a sì mú òdo kan ṣoṣo fún ilé náà. Èkó ò dúró dè mí. Inú mi ò dùn bí àwọn èèyàn ṣe rò. Fún ìgbà pípẹ́, bí mo bá ti gbọ́ orúkọ ilé ìgbẹ̀bí náà, ńṣe ni inú á máa bí mi, bíi pé òun ló sọ̀ mí kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Mo padà rí Èkó náà. Mo ti ya ilé níbẹ̀ tó ga ju ohunkóhun tó wà ní Yewa lọ, mi ò sì mọ ẹni tó ń sùn nínú wọn. Láìpẹ́ yìí ni Ìhunbọ fẹ́ fi wọ́ọ̀dù ọmọdé kún ilé wọn, ọ̀dọ́bìnrin tó gba iṣẹ́ náà sì ń lo ètò tí mi ò tíì rí rí. Láàpútọ́ọ̀pù mi àtijọ́ ti kú, ọ̀gá mi ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fi fáìlì ifc tí mo tọ́jú ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́bìnrin náà, ara mi ò sì lélẹ̀ títí ó fi pè. Ó ní gbogbo ògiri pé, ilẹ̀kùn ò dín ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ síbẹ̀. Mo gba ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ sọ́nà yàrá ìbímọ, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ kékeré lójú mi, sì jáde wá dí mi lọ́nà. "Ẹ má bínú, Màmá," ó ní, "ẹ dúró síta. Àwọn tó fẹ́ bímọ nìkan la ń gbà wọlé." Mi ò sọ fún un pé èmi ni mo ya ilé náà. Mo padà sí fàráńdà láàárín àwọn ọkọ tó ń retí, ọ̀kan nínú wọn sì sún fún mi lórí bẹ́ńṣì.